Ẹni tó tà á ní tẹ́fílọ́ọ̀nù ni. Ẹ bá mi wo ike tó gan mọ́ ṣáfítì ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́

TankeLeeti · Sátidé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ọgbọ́n yín kí n má baà tún ba nǹkan oníǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ẹ̀rọ léètì kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń yí irin tàbí ike kí túùlù lè gé e, lẹ́yìnkùlé mi ní Tanke, Ìlọrin níbí, kì í ṣe òun ni mo fi ń jẹun o, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, àmọ́ tí mo bá dé lálẹ́ tí iná sì wà, ibẹ̀ lẹ ti máa bá mi. Àǹtí ìyàwó mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Bíárìn ẹ̀ ti sú wọn, oṣù méjì oṣù mẹ́ta omi ẹ̀gẹ́ á ti wọ inú ẹ̀, á dípẹtà, á wá máa ké bí ẹni ń lọ òkúta. Mo ní ẹ má dààmú, èmi á ṣe bọ́ọ̀ṣì oníke fún yín, òrùka tí ṣáfítì, ọ̀pá irin ẹ̀rọ, á máa yí nínú ẹ̀, ike kì í dípẹtà.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pàǹtí. Mo rí ọ̀pá ike kan níbẹ̀, funfun bí ògì, fífẹ̀ ẹ̀ 70 mm, gígùn ẹ̀ á tó 30 cm. Ẹni tó ń tà á ní ògidì tẹ́fílọ́ọ̀nù ni, ara ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan ni wọ́n ti tú u. Mo fi ṣe bọ́ọ̀ṣì méjì. Ṣáfítì wọn 30 mm, mo lu ihò bọ́ọ̀ṣì sí 30.10, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán nígbà yẹn. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ la wá gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n pè mí pé ẹ̀rọ ò yí mọ́, bẹ́líìtì ń han gooro, èéfín ń jáde. Mo débẹ̀, bọ́ọ̀ṣì ti gan mọ́ ṣáfítì, òòlù la fi lù ú jáde. Mo wá wọn ihò ẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀ mọ́, 29.7! Ihò tí mo fọwọ́ ara mi lu sí 30.10. Ta ló wọbẹ̀ lọ dín in kù?

Àwọn kan ní ọ́ìlì ni kò tó. Ẹlòmíì ní ayédèrú tẹ́fílọ́ọ̀nù ni. Ike méjì mìíì wà nílé tí mo rà níjọ́ yẹn, ìkan funfun báláú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó kéré àmọ́ ó wúwo bí òkúta, ìkejì jẹ́ pátákó aláwọ̀ eérú. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tí ike jẹ́ kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ?

Alfa_Onirin · Sátidé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n ọwọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí léètì ní Geri Alimi níbí, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ. Lọ́jà wa, ike tó bá ti funfun tó sì le, tẹ́fílọ́ọ̀nù ni. Tó bá dúdú, tẹ́fílọ́ọ̀nù dúdú ni. Ẹni tó tà á ò parọ́ fún ẹ, orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè é lòun náà pè é. Àmọ́ bọ́ọ̀ṣì ò mọ orúkọ ọjà.

Wọ̀n ọ́n. Gé ègé kan lára ẹ̀, fá ojú ẹ̀ méjèèjì kó gún, fi fáníà, irin ìwọ̀n tó ń ka mílímítà, wọn fífẹ̀ àti gígùn ẹ̀, kí o sì wá òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Ìdajì fífẹ̀ lọ́nà ara ẹ̀, lọ́nà 3.14, lọ́nà gígùn, cm ni kí o fi ṣe gbogbo ẹ̀. Kí o wá fi iye tó bá jáde pín gíráàmù. Tó bá jẹ́ 0.9 sí 0.96, àwọn póli nìyẹn (polyethylene àti polypropylene), wọ́n á léfòó lórí omi. Náílọ́ọ̀nù á fún ẹ ní bíi 1.14. Asítàlì tí wọ́n ń pè ní Delrin, 1.41. Tẹ́fílọ́ọ̀nù tòótọ́ ò ní dín ní 2.1, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bó ṣe wúwo tó, ègé kékeré á dà bíi pé òjé wà nínú ẹ̀.

Mo ti ń fura sí nǹkankan o, àmọ́ lọ wọ̀n ọ́n ná.

OmoOfa · Sátidé, 9:41 alẹ́

Kí ni gbogbo mátíìsì yìí fún. Èmi ìṣáná ni tèmi. Ṣáná sí i, gbóòórùn ẹ̀, ó parí.

Alfa_Onirin · Sátidé, 9:44 alẹ́

OmoOfa, má kọ́ ọmọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ó ní ìkan wúwo bí òkúta ó sì ń yọ̀. Tí ìyẹn bá jẹ́ ohun tí mò ń rò, kò gbọdọ̀ dé ibi tí iná wà rárá.

Tisa_Kemisiri · Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Mo fara mọ́ Alfa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nìyí, kò wulẹ̀ sí ẹni tó ń gbọ́ níbẹ̀.

Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, omi tó. Ju ègé ike sínú omi lásán. Tó bá léfòó, ó wà nínú ẹbí póli. Tó bá rì, ẹ wá da iyọ̀ sínú omi mìíì, ẹ máa rò ó títí iyọ̀ ò fi ní yọ́ mọ́, bíi gíráàmù 360 fún lítà omi kan. Omi yẹn á wúwo tó 1.2. Náílọ́ọ̀nù tó rì sínú omi lásán á léfòó nínú ẹ̀. Asítàlì, PVC (ike páìpù omi) àti tẹ́fílọ́ọ̀nù á rì síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ nu ara ike dáadáa o, tí afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn ní rórórò, á gbé ohun tó yẹ kó rì.

Ọ̀rọ̀ iná. Iná dáa fún àwọn kan, àmọ́ ìta gbangba ni, kí atẹ́gùn máa fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí èyí tí ẹ máa lò má ju èékánná ọmọdé lọ, kí ẹ má sì ṣe gbé imú lé e, ọwọ́ ni kí ẹ fi fẹ́ òórùn ẹ̀ díẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín. Tẹ́fílọ́ọ̀nù kì í gbiná, àmọ́ tó bá gbóná kọjá ààlà, èéfín ẹ̀ ń fa ibà kan, ara gbígbọ̀n àti àyà fífún, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ló sì máa ń dé, ẹ lè máa rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Ẹni tó bá ń gé e lórí léètì kò gbọdọ̀ mu sìgá pẹ̀lú ọwọ́ tí èérún ẹ̀ wà, nítorí tí èyí tó kéré jù bá bọ́ sórí sìgá, iná sìgá á sọ ọ́ di èéfín yẹn gan-an, ẹ ó sì fà á sínú.

Ẹ̀rín ló máa ń pa mí nípa orúkọ wọ̀nyí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi tí gbogbo wa ń pè ní náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, póli ni. Náílọ́ọ̀nù gidi ni Wallace Carothers àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1935, okùn ìpẹja àti eyín búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ ti máa ń rí i. Tẹ́fílọ́ọ̀nù ní tiẹ̀, Roy Plunkett ṣèèṣì bá a nínú sìlíńdà gáàsì ní 1938. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá, iléeṣẹ́ DuPont, àmọ́ ìwà wọn ò jọra.

OmoOfa · Sọ́ńdè, 7:31 àárọ̀

Iyọ̀ kẹ̀? Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn ju iyọ̀, ṣebí kí TankeLeeti kàn sọ̀rọ̀ sínú omi náà ni 😂

TankeLeeti · Sọ́ńdè, 4:12 ìrọ̀lẹ́

OmoOfa, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́ 😂

Ó yá, èsì rèé. Òṣùwọ̀n aládùúgbò mi tó ń ṣe kéèkì ni mo yá, ó ní kí n má jẹ́ kó rùn ọ́ìlì.

Ike tó gan: mo gé ègé 20 mm, fífẹ̀ ẹ̀ 70 mm, 88 gíráàmù. 77 ni mo fi pín in, ó fún mi ní 1.14. Ó rì nínú omi ẹ̀rọ, ó léfòó nínú omi iyọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Mo sun bíńtín lára ẹ̀ níta. Iná ẹ̀ búlúù nísàlẹ̀, ó pupa rúsúrúsú lókè, ó ń kán bọ́. Òórùn ẹ̀... ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ rántí àárọ̀ Iléyá nígbà tí wọ́n bá ń sun orí àgbò, kí irun ẹ̀ tó jóná tán. Òórùn yẹn gan-an ni. Mo fi igi kan èyí tó yọ́ lára ẹ̀, mo fà á, ó yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó gùn tó ìwọ̀n apá mi.

Èyí tó wúwo: 50 mm lọ́nà 60 mm, 256 gíráàmù. 2.17. Èékánná mi ń wọ ara ẹ̀. Mi ò fi iná kàn án o.

Pátákó eérú: 10 cm lọ́nà 10 cm, ó nípọn 1 cm, 141 gíráàmù. Ìyẹn jẹ́ 1.41, àbí asítàlì ni? Inú mi fẹ́ máa dùn.

Tisa_Kemisiri · Sọ́ńdè, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má tíì jó. PVC náà ń wúwo tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú yẹn sì ń ṣe mí bíi páìpù. Ẹ wá wáyà kọ́pà, ẹ bọ́ rọ́bà ara ẹ̀ kúrò, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, ẹ kọ́kọ́ fi iná sun ún títí kò fi ní yọ àwọ̀ kankan mọ́. Nígbà tó bá ṣì gbóná ẹ fi gún ara pátákó yẹn kó lè mú díẹ̀, kí ẹ wá gbé e padà sínú iná. Tí iná bá di àwọ̀ ewé, klórínì wà nínú ẹ̀, PVC ni. Asítàlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iná tiẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ hàn lójú ọ̀sán, kò sì ní èéfín. ÌTA ni o.

TankeLeeti · Sọ́ńdè, 7:38 alẹ́

Ewé gbáà. Ewé bí àsíá Nàìjíríà.

Mo jẹ́wọ́ pé mi ò ṣe é níta. Òjò ń bọ̀, mo ní ìṣẹ́jú kan ni, mo ṣe é ní kíṣìnì nídìí sítóòfù gáàsì. Èéfín yẹn gba ọ̀fun mi bí ata gbígbẹ, omi ń da lójú mi, ìyàwó mi gba wáyà, ẹ̀mú àti èmi, ó kó gbogbo wa síta. Ó ní kí n kí yín.

Alfa_Onirin · Sọ́ńdè, 8:15 alẹ́

Bá mi kí i, ó ṣeun. Èéfín PVC, ásíìdì ló ń dà tó bá kan omi, nínú ọ̀fun èèyàn tàbí lára irin. Ọmọ-iṣẹ́ mi kan fi túùlù tó kú gé PVC títí ó fi ń rú èéfín lórí ẹ̀rọ mi, kò nu ẹ̀rọ kó tó lọ sílé. Bí mo ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìpẹtà ti tò sórí irin tí ojú ẹ̀ ń dán lánàá. Pátákó yẹn ṣì wúlò, àmọ́ túùlù tó mú ni kí o fi gé e, má jẹ́ kó gbóná, gbá èérún ẹ̀ kúrò kíá.

Ó yá, ẹjọ́ bọ́ọ̀ṣì. 1.14, òórùn irun, okùn aláǹtakùn: náílọ́ọ̀nù ni. Náílọ́ọ̀nù sì ń mu omi. Òun ló wọbẹ̀ lọ dín ihò ẹ kù.

TankeLeeti · Sọ́ńdè, 8:22 alẹ́

Ike ń mu omi kẹ̀??

Tisa_Kemisiri · Sọ́ńdè, 8:50 alẹ́

Ó ń mu ún dáadáa. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní náílọ́ọ̀nù 6, tí ẹ bá rì í sínú omi títí yóò fi yó, ìwọ̀n omi tó máa mu lè tó 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹ̀. Bó ṣe ń mu ún ló ń wú. Afẹ́fẹ́ lásán náà ń fún un lómi, ìyẹn ni pé ọ̀pá yẹn tí ẹ gé nígbà ọyẹ́, gbígbẹ ló gbẹ, ara ẹ̀ ti fún. Ẹ wá gbé e sínú omi ẹ̀gẹ́ nígbà òjò. Ẹ̀yìn ẹ̀ kan páìpù irin, kò ráyè wú síta, inú ló wú sí. Ṣáfítì ló wà nínú ibẹ̀.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wọn bọ́ọ̀ṣì tó gan yẹn wò. Ẹ ṣírò ohun tó yẹ kó wúwo nígbà tó gbẹ.

TankeLeeti · Móńdè, 6:30 àárọ̀

Mi ò lè sùn, mo dìde lọ wọ̀n ọ́n. Fífẹ̀ ìta 50, inú 30, gígùn 40 mm. Ìṣirò ní kó wúwo 57. Òṣùwọ̀n kéèkì ní 59. Gíráàmù méjì omi ẹ̀gẹ́ wà nínú ohun tí mo rò pé ó le bí egungun! Mo ti lọ gbé e sórí páànù, ká wo ohun tí oòrùn máa ṣe.

Iya_Gari_Omu · Móńdè, 10:18 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ nǹkankan nípa léètì, Òmù-Àrán ni mo ti ń ṣe gàrí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ike tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá, tí a ò mọ ohun tí iléeṣẹ́ yẹn ń fi ṣe, bóyá májèlé ló ti bá pàdé rí, ṣé ìdí ẹ̀gẹ́ ló yẹ kó wà? Tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ibo ni èyí tó ń jẹ ń lọ?

Alfa_Onirin · Móńdè, 1:40 ọ̀sán

Ìyá, ẹ pẹ́ fún wa. Èsì ẹ̀ ni pé kò yẹ. Ìta àpótí ẹ̀rọ ni bọ́ọ̀ṣì ń wà lóòótọ́, àmọ́ omi ń gba ibẹ̀ wọlé ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ike pàǹtí ò gbọdọ̀ kan ohun tí èèyàn máa jẹ, tuntun tí a mọ orírun ẹ̀ ni.

Ó tún ku èyí tó jù. TankeLeeti, ká tiẹ̀ ní náílọ́ọ̀nù yẹn ò mu omi rárá, ó ṣì máa bàjẹ́. Ṣírò ẹ̀ wò. Ṣáfítì 30 mm, tí ẹ́ńjìnì bá ń yí i ní ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, ojú ẹ̀ ń sáré tó mítà 1.9 ní sẹ́kọ́ńdì kan, bẹ́líìtì sì ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú agbára. Ooru ń jáde níbẹ̀, ike kì í gbé ooru lọ bí irin ṣe ń gbé e, ibẹ̀ náà ló máa gbóná jókòó sí. Tẹ́fílọ́ọ̀nù gidi tó wà lọ́wọ́ ẹ, ó ń yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, bí ẹ̀kọ ni yóò ṣe máa ṣàn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó ń yí kíákíá tó sì ru ẹrù, bíárìn onígóòlì ni kó dúró síbẹ̀.

TankeLeeti · Móńdè, 2:05 ọ̀sán

Ọ̀gá mi, ẹ ì bá ti sọ èyí fún mi láti Sátidé.

Alfa_Onirin · Móńdè, 2:11 ọ̀sán

Kí ni ike yìí lo bèèrè ní Sátidé. O ò bèèrè bóyá kí n fi ike síbẹ̀.

Kola_Weda · Móńdè, 7:55 alẹ́

Mo ti ń ka tiyín látàárọ̀. Èmi ni mo ń jó irin ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ní Ganmọ, ìṣòro yẹn kì í ṣe bíárìn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn máa ń lẹ bíárìn mọ́ ara àpótí bámúbámú, kí ṣáfítì lè kúrú, kí owó irin lè dín. Omi bá jáde pẹ́nrẹ́n, inú bíárìn ló bọ́ sí. Ohun tí mo máa ń ṣe: mo á jó ẹsẹ̀ irin tuntun, mo á gbé bíárìn jìnnà sí ara àpótí tó nǹkan bí ìbú ọwọ́, kí ojú lè rí ilẹ̀ láàárín wọn. Láàárín yẹn mo á fi àwo pẹlẹbẹ kan wọ ṣáfítì kó máa bá a yí. Omi tó bá ń yọ́ rìn lórí ṣáfítì bọ̀, tó bá dé orí àwo yẹn, á fò dànù sílẹ̀. Àwo yẹn ni kí ẹ fi ike ṣe tó bá ń wù yín, kò ru ẹrù kankan.

TankeLeeti · Móńdè, 8:20 alẹ́

Pátákó PVC yẹn ń kọ́? Ìta ló máa wà, kò sí ibi tó ti máa kan ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin.

Kola_Weda · Móńdè, 8:26 alẹ́

Omi tó bá fò dànù, ilẹ̀ ló ń lọ, kì í padà sínú gàrí. Ó dáa. Gé e ní 12 cm, kí ihò ẹ̀ há mọ́ ṣáfítì, fi kílíìpù páìpù dè é.

Iya_Gari_Omu · Móńdè, 8:40 alẹ́

Èyí yé mi. Kola, fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, tèmi náà ń ké.

TankeLeeti · Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ kejì, 3:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀ṣì orí páànù. Ó ti di 58 gíráàmù, ihò ẹ̀ ti padà sí 29.9. Tíṣà, mo gbà. Kola bá wa gbé bíárìn jìnnà ní Ọjọ́bọ̀, àwo PVC wà níbẹ̀, àǹtí ní kò tíì ké.

Ó ku ọ̀pá náílọ́ọ̀nù tí ò ju ogún sẹ́ńtímítà lọ. Kí ni mo lè fi ṣe tí kò ní dójú tì mí?

Olofi_Ilorin · Sọ́ńdè, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tọrọ ẹ̀. Aṣọ òkè ni mò ń hun. Òkèkè, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń so lókè orí wa lórí òfì, tí okùn ń gbà kọjá bí a bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, igi ni tèmi. Okùn ti gé e wọnú, ó ń ké fíìn fíìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, okùn náà sì ń já. Mẹ́rin ni mo nílò, fífẹ̀ ẹ̀ bí 45 mm. Ìṣó tó ń yí lórí ẹ̀ jẹ́ 6 mm.

Alfa_Onirin · Sọ́ńdè, 9:02 alẹ́

Iṣẹ́ tó tọ́ sí náílọ́ọ̀nù rèé! Kì í sáré, kò ru ẹrù, omi ò sí níbẹ̀. TankeLeeti, fetí sílẹ̀ dáadáa, ibi tí àwọn tó mọ irin gé ti máa ń ṣìṣe nìyí.

Túùlù: má gbé èyí tí o fi gé irin wá. Pọ́n túùlù HSS (irin líle tí wọ́n fi ń gé irin) tuntun títí yóò fi lè fá irun ọwọ́ ẹ, jẹ́ kí orí ẹ̀ dà sẹ́yìn kó lè máa bẹ́ ike bí ọ̀bẹ, kó má máa tì í. Túùlù tó bá kú, yíyọ́ ló ń yọ́ ike, kò gé e. Jẹ́ kó sáré, kí o sì jẹ ẹ́ dáadáa, ẹni tó bá ń fá a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù, ooru ló ń ṣe. Èérún náílọ́ọ̀nù kì í já, okùn gígùn kan ló máa jáde, á wé mọ́ chuck, ẹnu léètì tó ń di ọ̀pá mú, á sì máa na ẹ lọ́wọ́. MÁ FI ỌWỌ́ FÀ Á nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, má sì wọ ìbọ̀wọ́. Pa ẹ̀rọ ná. Mo mọ ẹni tí okùn ike fa ìbọ̀wọ́ ẹ̀ wọlé, ìka ẹ̀ ló bá a lọ.

Ihò: má gbé dírìlì ńlá lé e lẹ́ẹ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, máa fà á jáde léraléra kí ooru lè jáde. Ọ̀pá tó tóbi tí dírìlì tó kú bá gbóná nínú ẹ̀ lè là pàá lójú ẹ, ariwo ẹ̀ á dà bí ìbọn. Fún ìṣó 6 mm, lu ihò sí 6.3. Òjò ṣì ń bọ̀, jẹ́ kó ráyè wú.

Wíwọ̀n: jẹ́ kó tutù kí o tó wọ̀n ọ́n. Náílọ́ọ̀nù 70 mm tó bá fi 30°C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á fi bíi 0.2 mm tóbi. Irin tó tó bẹ́ẹ̀, 0.025 péré. O máa rò pé o ti gé e dé ìwọ̀n, oúnjẹ alẹ́ lo jẹ tán, o padà wá bá a tó ti kéré.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, má fún un lọ́rùn nínú chuck. Ike ń rọ̀, eyín mẹ́ta chuck á tẹ̀ ẹ́, o máa lu ihò tó rí róńdó, bó bá ti bọ́ jáde ó di onígun mẹ́ta. Di ọ̀pá mú, fá ìta ẹ̀, gé ọ̀nà okùn, lu ihò, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀pá, kí o tó gé e já. Bí o bá tú u kúrò kí o tó lu ihò, o ò ní rí àárín ẹ̀ mọ́.

OmoOfa · Sọ́ńdè, 9:10 alẹ́

Alfa, ẹ ń gba owó kíláàsì? Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ìṣáná mi ti tán.

TankeLeeti · Jímọ̀, 11:20 alẹ́

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. Bí èérún yẹn ṣe ń jáde bí òwú funfun, ọmọ mi obìnrin kó o sí orí ó ní wíìgì lòun dé. Iná lọ nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹta, mo parí ẹ̀ nígbà tó dé padà. Olofi, ẹ wá gbà á.

Olofi_Ilorin · Ọjọ́rú, 1:25 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù sí i. Ilé dákẹ́ débi pé ìyá mi bèèrè bóyá mi ò hun aṣọ lónìí. Okùn ń yọ̀ lọ lórí ẹ̀, ẹsẹ̀ mi gan-an mọ̀ ọ́n, ó fúyẹ́. Kìkì pé ìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó, bó bá ń yí á máa gòkè á máa sọ̀, ó ń fa òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbí èmi ni mi ò kàn án dáadáa?

TankeLeeti · Ọjọ́rú, 1:31 ọ̀sán

Ìwọ kọ́. Ẹ̀kẹta yẹn ni. Iná lọ, mo tú u kúrò nínú chuck kí n tó lu ihò ẹ̀, mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gbé e wá ní Sátidé, ọ̀pá ṣì kù.